Orí Keje: Orin Tí Etí Kò Gbọ́ Rí

Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ mẹ́ta láti Yunifásítì Columbia ní New York, Matthew Salganik, Peter Dodds àti Duncan Watts, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tó kan gbogbo ẹni tó ń wá orin tuntun kiri. Wọ́n kó orin 48 jọ láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ olórin tí kò lórúkọ, wọ́n gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ké sí àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá gbọ́. Àwọn tó dáhùn lé ní 14,000, ọ̀dọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó bá gbọ́ orin kan á fún un ní máàkì. Bó bá wù ú, á gbà á sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n pín àwọn èèyàn náà sí agbo-agbo. Nínú agbo kan, orúkọ ẹgbẹ́ àti orúkọ orin nìkan ni wọ́n ń rí, kálukú ń dá yàn. Nínú agbo mẹ́jọ yòókù, èèyàn lè rí iye ìgbà tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ nínú agbo tirẹ̀ ti gba orin kọ̀ọ̀kan. Láti òdo ni gbogbo agbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti bẹ̀rẹ̀, orin kan náà ni wọ́n sì ń gbọ́. Síbẹ̀, ohun tó gbajúmọ̀ níbí kọ́ ló gbajúmọ̀ lọ́hùn-ún. Orin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ "Lockdown", ti ẹgbẹ́ 52metro. Lójú àwọn tó ń dá yàn, ipò 26 ló wà. Nínú agbo kan, ó gba ipò kìíní. Nínú òmíràn, ó bọ́ sí ipò 40. Orin tó dára jù kì í sábà kùnà pátápátá, èyí tó burú jù kì í sì í sábà gòkè. Ṣùgbọ́n ní ti ọ̀pọ̀ tó wà láàárín, ọwọ́ àwọn tó kọ́kọ́ dé ni àyànmọ́ wọn wà.

Lẹ́yìn ọdún méjì, Salganik àti Watts tún gbé òmíràn jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n yí iye náà sódì, tí orin tí kò tà fi wá dà bíi pé òun ni gbogbo ayé ń dù. Irọ́ náà di òtítọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin náà: èyí tí wọ́n parọ́ pé ó gbajúmọ̀ wá gbajúmọ̀ lóòótọ́. Ìwọ̀nba orin díẹ̀ tó dára jù lọ nìkan ló ń fi díẹ̀díẹ̀ gun òkè padà.

Àṣírí tí ìwádìí wọ̀nyí tú ni pé nígbà tí a bá sọ pé orin tuntun kan dùn, ó lè jẹ́ ẹnu àwọn tó ṣáájú wa la fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá wá fẹ́ mọ ohun tí orin ń ṣe nínú òun gan-an gbọ́dọ̀ mọ bí ọpọlọ ṣe ń gba ohun tí kò mọ̀ rí, kó sì fún orin náà láyè kó tó dá ẹjọ́ rẹ̀. Rọ́ọ̀kì olómìnira ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀ orí yìí, ìyẹn orin gìtá àti ìlù tí àwọn olórin ń fi owó ara wọn ṣe, tàbí tí wọ́n ń gbé jáde lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré tí kò sí lábẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ìpolówó tó ń ṣáájú irú orin bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà òun àti etí sábà máa ń pàdé láìsí alárinà.

Àìlówó Tó Wọ Inú Ohùn

Lọ́jọ́ 28 oṣù Kejìlá 1976, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin tí wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn ní Buzzcocks wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan ní Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó yíyá ni wọ́n fi ṣe é, nǹkan bí 500 pọ́n-ùn tí wọ́n rí kó jọ lọ́wọ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́. Orin mẹ́rin ni wọ́n gbà sílẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ kan sì ni. Nígbà tó di oṣù Kìíní 1977, wọ́n gbé àwo náà, Spiral Scratch, jáde lábẹ́ New Hormones, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fúnra wọn. Àwo 1,000 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Nígbà tó yá, ó tà tó 16,000. Àwọn ọ̀dọ́ tó rí i mọ̀ pé èèyàn lè ṣe àwo láìlọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà náà sì là. Rough Trade, ṣọ́ọ̀bù àwo tí Geoff Travis ṣí ní London ní 1976, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo tirẹ̀ jáde ní 1978. Ní Amẹ́ríkà, Dischord bẹ̀rẹ̀ ní Washington ní 1980, Sub Pop sì bẹ̀rẹ̀ ní Seattle ní 1986. Nígbà tí 1980 fi máa wọlé, àwo irú èyí ti pọ̀ débi pé wọ́n ní àtẹ títà tiwọn lọ́tọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àìlówó yìí kò dúró sínú àpò nìkan. Ẹni tó sanwó ọjọ́ kan kò lè tún orin kan kọ nígbà ogún kó lè dán. Kò sì sí ọ̀gá tó máa pàṣẹ fún un pé kó tètè mú ègbè wọlé, tàbí pé orin ìṣẹ́jú méje ti gùn jù. Justin Vernon, tó ń fi Bon Iver ṣe orúkọ, gba èyí tó pọ̀ jù nínú For Emma, Forever Ago sílẹ̀ nínú ahéré ọdẹ bàbá rẹ̀ ní Wisconsin, nígbà òtútù 2006 sí 2007. Ó dá a gbé jáde ní 2007, kí ilé-iṣẹ́ Jagjaguwar tó gbà á lọ́dún kejì. Will Toledo ti kọrin sórí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti lè pariwo láìsí ẹni tó ń gbọ́ ọ; ibẹ̀ náà ni orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀, Car Seat Headrest, ti wá. Etí tí orin dídán ti mọ́ lára á gbọ́ ìhó níbẹ̀, á gbọ́ ohùn tó ń gbọ̀n, á gbọ́ ẹsẹ̀ orin tó lọ tí kò sì padà wá. Àwọn ohun wọ̀nyí ń da àbá tí ọpọlọ ń dá rú, ìdàrú náà sì ni gbòǹgbò ohun tí orin tuntun ń ṣe sí wa.

Ọpọlọ Ń Sáré Ṣáájú Orin

Leonard Meyer, onímọ̀ orin ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan ní 1956 tó fi hàn pé ìrètí ni orin fi ń mú ọkàn. Bí ohùn kan ṣe ń dún lọ́wọ́ ni ọpọlọ ti ń dá àbá èyí tó kàn. Ẹ wo àwọn tó ń gbe orin lóde àríyá: wọ́n mọ ibi tí ohùn adárin yóò ti já, wọ́n sì ti la ẹnu kó tó já. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn lófin rẹ̀. Etí wọn ló ti kó o jọ láti kékeré. Ohun tí ẹni tó ń gbọ́ orin tuntun ń ṣe náà nìyẹn. Kò mọ orin náà, àmọ́ ó mọ àìmọye orin tó jọ ọ́, inú wọn ló sì ti ń fa àbá yọ.

Ní Montreal, Valorie Salimpoor, Robert Zatorre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ lákòókò yìí. Ní 2011, wọ́n fi hàn pé nígbà tí orin tí èèyàn fẹ́ràn bá mú kí orí rẹ̀ wú, ọpọlọ máa ń tú dopamine sílẹ̀, èròjà tó ń bá ìrètí èrè rìn. Ìgbà méjì ló sì ń tú u. Lákọ̀ọ́kọ́, ní apá tí wọ́n ń pè ní caudate, nígbà tí ibi tó dùn jù náà ṣì ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, ní nucleus accumbens, nígbà tó bá dé. Ìrètí ní èrè tirẹ̀, dídé náà sì ní tirẹ̀.

Orin tí àwọn èèyàn náà ti mọ̀ dáadáa ni wọ́n lò nínú ìwádìí yẹn. Ní 2013, wọ́n wá lo orin tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́ rí. Èèyàn 19 wọ inú ẹ̀rọ MRI, wọ́n gbọ́ ègé orin 60, ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní kí wọ́n sọ iye tí wọ́n máa fi owó ara wọn rà á, láti òdo títí dé dọ́là méjì. Bí nucleus accumbens bá ṣe ṣiṣẹ́ tó ni owó tí ẹni náà dá ṣe ń pọ̀ tó. Bákan náà, bí orin bá ṣe wu èèyàn tó ni apá yìí ń bá apá tó ń gba ohùn ṣiṣẹ́ pọ̀ tó, níbi tí àwọn onímọ̀ gbà pé àkójọ ohùn tí a ti gbọ́ rí wà. Nígbà tí o bá ń ná orin tuntun lọ́wọ́, gbogbo orin tí o ti gbọ́ láti kékeré ló ń bá ọ ná an.

Ṣé dopamine yìí ló ń fa adùn náà ni, àbí ó kàn ń bá a rìn? Ní 2019, Laura Ferreri àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Barcelona fún èèyàn 27 ní oògùn lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Levodopa, tó ń fi kún dopamine, mú kí orin túbọ̀ dùn mọ́ wọn. Risperidone, tó ń dí i lọ́nà, dín adùn náà kù.

Lọ́dún yẹn kan náà, Vincent Cheung àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leipzig, nílẹ̀ Jámánì, yẹ kọ́ọ̀dù 80,000 wò nínú orin 745 tó ti wọ àtẹ Billboard ní Amẹ́ríkà. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ àti ohùn orin kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà dá orin náà mọ̀. Ìgbà méjì ni adùn náà pọ̀ jù: nígbà tí ohun tó ń bọ̀ dá èèyàn lójú, tí orin sì yà á lẹ́nu, àti nígbà tí kò mọ ibi tí orin ń lọ, tí orin sì wá bọ́ sí ibi tí etí mọ̀. Lójú mi, ìkejì yìí ni ọ̀nà tí rọ́ọ̀kì olómìnira sábà ń gbà. Ó ń mú ni ṣáko lọ, ó sì ń mú ni délé ní ìgbà tí a kò retí.

Ìgbà Àkọ́kọ́ Kì Í Ṣe Ẹlẹ́rìí Tó Péye

Ní 1968, Robert Zajonc ti Yunifásítì Michigan fi ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, àmì tó jọ ìkọ̀wé àwọn ará Ṣáínà àti fọ́tò ojú àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ han àwọn èèyàn. Wọ́n rí òmíràn lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n rí òmíràn tó ìgbà 25. Èyí tí wọ́n rí jù ni wọ́n fẹ́ràn jù, kò sì sí ìdí mìíràn. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ.

Daniel Berlyne, ní Toronto, ṣe àlàyé apá kejì ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé tó kọ ní 1971. Ohun tó rọrùn jù máa ń súni, èyí tó díjú jù máa ń lé ni sá. Àárín ni adùn wà, ipò àárín náà sì ń yí bí nǹkan ṣe ń mọ́ ni lára. Ní 2004, Karl Szpunar, Glenn Schellenberg àti Patricia Pliner fi orin dán an wò. Àwọn tó fara balẹ̀ gbọ́ orin fẹ́ràn rẹ̀ sí i bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, títí dé ìgbà mẹ́jọ; nígbà tó fi máa di ìgbà 32, ó ti sú wọn. Ti àwọn tí orin kàn ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nígbà tí wọ́n ń ṣe nǹkan mìíràn yàtọ̀: ìfẹ́ tiwọn kàn ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ni.

Ohun tí a lè rí fà yọ nínú èyí ni pé orin tó rọrùn máa ń tètè dé góńgó, ó sì máa ń tètè sú ni. Orin tó díjú máa ń pẹ́ kó tó dé, ó sì máa ń pẹ́ kó tó lọ. Ẹ mú Loveless, àwo tí My Bloody Valentine gbé jáde lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ Creation ní 1991. Kevin Shields, onígìtá ẹgbẹ́ náà, di irin kékeré ara gìtá rẹ̀ mú bó ṣe ń ta á, tí ohùn náà fi ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Ohùn àwọn akọrin sì rì sínú rẹ̀ débi pé èèyàn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa. Lẹ́ẹ̀kíní, ó lè dà bí ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta ń dún lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọpọlọ á ti rí ohun tó lè dì mú, á bẹ̀rẹ̀ sí í dá àbá, àbá náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ. Orin náà kò yí padà rárá. Ẹni tó ń gbọ́ ọ ló ti yí padà.

Ohun Tí Orin Tuntun Ń Jí Nínú Wa

Orin tó bá wa dàgbà ń gbé ìrántí rù. Orin tuntun kò tíì gbé nǹkan kan, síbẹ̀ ó lè mú omi lé ni lójú. Ní 2008, Patrik Juslin ti Yunifásítì Uppsala ní Sweden àti Daniel Västfjäll to àwọn ọ̀nà tí orin ń gbà wọ ọkàn lẹ́sẹẹsẹ. Mẹ́ta nínú wọn wúlò fún wa níbí.

Ìkíní ni ìtagìrì. Apá ìsàlẹ̀ ọpọlọ, tó ń ṣọ́ ewu, kì í bèèrè bóyá orin lohun tó ń dún. Ariwo òjijì ti tó láti jí i. Pixies, ẹgbẹ́ kan láti Boston, fi èyí ṣe ọgbọ́n nínú Surfer Rosa, tí Steve Albini gbà sílẹ̀ fún wọn, tó sì jáde ní 1988: orin á máa lọ jẹ́jẹ́, lójijì gìtá á bú jáde. Kurt Cobain ti Nirvana sọ lẹ́yìn náà pé Pixies lòun ń gbìyànjú láti fara wé nígbà tóun kọ "Smells Like Teen Spirit".

Ìkejì ni kíkó ìmọ̀lára ran ni. Ohùn ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ máa ń lọ sílẹ̀, ó máa ń falẹ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀. Juslin ṣàlàyé pé ọpọlọ ń gbọ́ àmì wọ̀nyí nínú orin, kódà nínú gìtá lásán, ó sì ń dáhùn bí ẹni pé èèyàn ló ń sunkún nítòsí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú orin Bon Iver fi lè ní ìmọ̀lára ìdánìkanwà. Ohùn òkè tín-ínrín, ohùn ọkùnrin kan ṣoṣo tó ń ṣe ègbè fún ara rẹ̀, ti sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ tó dé.

Ìkẹta ni ìrántí. Ní 2013, Carol Lynne Krumhansl àti Justin Zupnick ti Yunifásítì Cornell fi orin láti 1955 sí 2009 dán àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní nǹkan bí ọmọ ogún ọdún wò. Orin ìgbà tiwọn wọ̀ wọ́n lọ́kàn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe lè retí. Ṣùgbọ́n orin ìgbà tí àwọn òbí wọn jẹ́ ọ̀dọ́ náà wọ̀ wọ́n lọ́kàn, bóyá torí ó ti ń dún nínú ilé kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ń gbọ́ ọ. Ìrántí ẹlòmíràn lè di tiwa, orin tuntun tó bá sì mú ohùn àtijọ́ wọṣọ lè jí i. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń gbọ́ BLO, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Èkó tó gbé Chapter One jáde ní 1973, lè gbọ́ gìtá ẹgbẹ́ tuntun kan láti Manchester, kó sì rí pálọ̀ ilé bàbá rẹ̀ lójú ẹ̀mí.

Ẹgbẹ́ kan tó yẹ ká fi etí sí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni TV on the Radio, láti Brooklyn. Olórin wọn, Túndé Adébímpé, jẹ́ ọmọ àwọn òbí Nàìjíríà, St. Louis ni wọ́n ti bí i ní 1975. Nínú Young Liars, àwo kékeré tí wọ́n gbé jáde ní 2003, wọ́n mú "Mr. Grieves", orin Pixies, wọ́n kó gìtá àti ìlù kúrò nídìí rẹ̀, wọ́n sì fi ẹnu lásán kọ ọ́. Lọ́dún kejì, wọ́n gbé "Ambulance" jáde, orin tí kò ní ohun èlò kankan nínú, tí ohùn èèyàn fi ṣe ohun gbogbo. Ìrántí tí irú orin bẹ́ẹ̀ ń jí, ọwọ́ etí tó ń gbọ́ ọ ló wà. Ẹni tó dàgbà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì á gbọ́ ìjọ nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ rọ́ọ̀kì nìkan á gbọ́ gìtá tí kò sí níbẹ̀. Olórin kò lè pinnu ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ṣé Etí Ń Darúgbó?

Ní 1989, Morris Holbrook àti Robert Schindler tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí ọjọ́ orí ṣe kan orin tí èèyàn fẹ́ràn. Orin tó gbajúmọ̀ nígbà tí ẹni náà wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 24 ló sábà ń borí. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń fi irú nǹkan báyìí ṣe àwáwí pé orin ìsinsìnyí kò dára mọ́.

Ìdáhùn mi ni John Peel. Ọmọ ọdún 39 ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ BBC yìí ní oṣù Kẹsàn-án 1978, nígbà tí àwo "Teenage Kicks" dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ọwọ́ The Undertones, àwọn ọ̀dọ́ kan láti Derry ní Northern Ireland. Ó gbé e sórí afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn. Títí ó fi kú ní 2004 lẹ́ni ọdún 65, ó ṣì ń gbọ́ orin tí àwọn ọmọ tí kò lórúkọ ń fi ránṣẹ́ sí i. Ohun tí ọ̀dọ́ ní tí àgbà kò ní ni àkókò láti gbọ́ orin kan ní àgbọ́túngbọ́ pẹ̀lú ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá ń wá àyè fún ìyẹn á máa rí orin tuntun fẹ́ràn ní ọjọ́ orí yòówù kó jẹ́.

Bí Ẹ Ṣe Lè Gbọ́ Ọ

Ẹ má ṣe wo iye àwọn tó ti gbọ́ orin kí ẹ tó gbọ́ ọ. Ẹ ti rí ohun tí iye yẹn ń ṣe sí èèyàn. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún gbọ́ ọ ní ọjọ́ mìíràn, lẹ́yìn náà ẹ lè jẹ́ kó máa dún nígbà tí ẹ bá ń dáná tàbí tí ẹ ń wakọ̀. Ẹ kọ ohun tó jí nínú yín sílẹ̀ kí ẹ tó bi ọ̀rẹ́ léèrè, torí èrò ọ̀rẹ́ náà jẹ́ iye kan.

Ẹ má jẹ́ kí orísun kan ṣoṣo máa bọ́ yín. Discover Weekly, tí Spotify bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ń gbé orin 30 wá ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n ó gbára lé ohun tí àwọn tí etí wọn jọ tiyín ń gbọ́, agbo náà ni lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ẹ lọ sí Bandcamp pẹ̀lú, níbi tí àwọn olórin ti ń ta iṣẹ́ wọn fúnra wọn láti 2008, kí ẹ sì gbọ́ rédíò bíi KEXP ti Seattle, níbi tó jẹ́ pé èèyàn ló ń yan orin.

Bí ẹ bá ń lo íápíìsì, ẹ rọra. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí àgbàlagbà má gbọ́ ohùn tó dé dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 80 ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀. Bí ohùn bá fi dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdajì àkókò náà ti lọ.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí èèyàn bá rìn jìnnà, á rí abuké erin. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ wá orin kan láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tí ẹ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó dá ẹjọ́. Bó bá sì wọ̀ yín lọ́kàn, ẹ sanwó rẹ̀. Owó yẹn ni wọ́n máa fi ṣe èyí tó kàn.